Àmín Tó Gbé Ìyá Tẹ́milọ́rùn Wọ Bọ́ọ̀sì

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ tí òjò bá fún wa láyè díẹ̀, ìjọ wa máa ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkòròdú dé etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni. A máa ń tó ẹgbẹ̀rún kan, gbogbo wa nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, nítorí ẹni tó bá wọ sùtánà lọ́dọ̀ wa kì í wọ bàtà. Ẹni tó bá ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ títì ọlọ́dà lágogo kan ọ̀sán nìkan ló mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Tẹ́milọ́rùn wà láàárín wa. Ìlàjẹ ni wọ́n, Bàyékù ni wọ́n ti ń yan ẹja, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹnu wọn sì mú bí abẹ. Ọkọ wọn, Bàbá Nehemiah, apẹja tí kì í jókòó nílé tẹ́lẹ̀, ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ fún odidi ọdún méjì. Màmá bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá gbé ọkọ àwọn dìde, àwọn á rin Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, àwọn ò ní wọ mọ́tò, àwọn ò ní gun ọ̀kadà, ì báà ṣe ìṣísẹ̀ kan. Nígbà tó di ọdún Àjíǹde, Bàbá di ògiri mú, wọ́n dìde. Ó wá ku ẹ̀jẹ́.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Títílọpẹ́, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ọ̀dọ́gùnyàn ni mo ti ń jẹun. Nínú ìrìn náà, èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó àwọn tó bá rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan máa ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá lè rìn mọ́ á so áńkáṣíìfù funfun mọ́ ọrùn ọwọ́. A ò ní bi í ní nǹkan kan, kí ojú má baà tì í, ṣe la máa gbé e sínú bọ́ọ̀sì, tí yóò gbé e ṣáájú lọ síbi tí a máa sùn. Alábòójútó náà á sì wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, a sinmi lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Agbówà. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó. Inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn, pàápàá àwọn akọrin tí kì í rẹ̀. Mo ń wá ẹni tó rẹ̀ kiri kí èmi náà lè rí bọ́ọ̀sì wọ̀. Bí mo ṣe yíjú, Ìyá Tẹ́milọ́rùn ni mo rí tí wọ́n ti sùn lọ nídìí igi, áńkáṣíìfù funfun sì wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sọ sí wọn létí. “Mọ́mì, ṣé ká máa lọ?”

“Àmín,” ni wọ́n fi ojú oorun dáhùn.

Ohunkóhun tí ẹ bá bi ará ìjọ wa lójú oorun, Àmín ni yóò fi dá yín lóhùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀ mo ka Àmín ọ̀hún sí bẹ́ẹ̀ ni. Èmi àti Jọláolúwa awakọ̀ dì wọ́n lápá mú, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé wa, ojú wọn dì, a gbé wọn jókòó. Kí mọ́tò tó ṣí, èmi náà ti sùn.

Ìtòíkín ni màmá lajú sí. Wọ́n wo ìjókòó, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wá wo ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò pariwo. Omi kàn ń bọ́ lójú wọn.

“Títí, o ti ba ẹ̀jẹ́ mi jẹ́.”

“Mọ́mì, áńkáṣíìfù ọwọ́ yín ńkọ́?”

“Mo fọ̀ ọ́ ni. Mo so ó mọ́ ọwọ́ kó lè gbẹ.”

Mo wá ibi tí mo lè fi ojú sí, mi ò rí. Wòlíì Bádéjọ, aṣáájú wa, tí wọ́n ti ṣáájú wá tún ibi tí a máa sùn ṣe, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì sún mọ́ wa.

“Ọlọ́run rí ọkàn yín, mọ́mì. Ẹ máa rìn lọ láti ibí.”

“Ọlọ́run rí ọkàn mi, sà. Ó rí bọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú.”

Jọláolúwa ní kí òun fi mọ́tò dá wọn padà sí Agbówà. Màmá wò ó títí ó fi bojú wolẹ̀. “Mọ́tò lẹ tún fẹ́ fi tún un ṣe?” Wọ́n ṣán sùtánà wọn, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Agbówà. Kò sẹ́ni tó rán mi, mo tẹ̀ lé wọn.

Ẹ ò rí nǹkan. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń bọ̀ níwájú, àwa méjì péré la dojú kọ wọ́n, gbogbo wọn ló sì ń béèrè ohun tí a gbàgbé. Èsì kan náà ni màmá ń fún wọn: “Ẹsẹ̀ wa ni. A gbàgbé ẹ̀ sí Agbówà.” Nígbà tó ṣe, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. A dé ìdí máńgòrò, màmá fọwọ́ kan igi náà, wọ́n yí padà, wọ́n ní ó yá. Láti ibẹ̀ dé Ìtòíkín ni wọ́n fi bá mi wí, lórí ìwàǹwara mi, lórí ọkọ tí mi ò tíì fẹ́, àti lórí bí mo ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la wọlé.

Lọ́jọ́ kẹta, àwa méjì la kẹ́yìn dé Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ẹbí fi gbé Bàbá Nehemiah wá, wọ́n jókòó sórí àga oníke létí ọ̀sà. Bí wọ́n ṣe rí ìyàwó wọn, wọ́n di ọ̀pá mú, wọ́n dìde, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má di àwọn mú. Mo fẹ́ sáré lọ, màmá fà mí láṣọ.

Màmá wá dúró sójú kan. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ tó kù.

“Ti èmi ti tó,” ni wọ́n wí. “Jẹ́ kí wọ́n rin tiwọn.”

Bàbá ń bọ̀, ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ lé ọ̀tún, ọ̀pá ń rì sínú iyanrìn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, òógùn ti bo ojú wọn.

“Ṣé o ò wọ mọ́tò?” ni wọ́n bi ìyàwó wọn.

Màmá wò mí.

“Wọ́n gbé mi wọ̀ ọ́ lójú oorun. Mo padà lọ kó ẹsẹ̀ mi.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Wọ́n wá na apá sí ìyàwó wọn, wọ́n kọjú sí omi.

“Ṣé ká máa lọ?”

“Àmín,” ni Ìyá Tẹ́milọ́rùn dáhùn, ojú wọn là kedere.