Àjẹ̀ Tí A Fi Du Tíṣà Àrìnpé

Hánà Olówòkéré kì í ṣe ọ̀gá tí í jókòó gẹlẹtẹ sínú ọkọ̀ ojú omi kí àwọn tíṣà máa wà á. Lọ́dún tí ó di ọ̀gá ilé ìwé wa nítòsí Mahíntẹ́dó, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń fi àwọ̀n ẹja sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ epo rọ̀bì, ó pe àwa tíṣà jọ, ó fòfin lélẹ̀. Gbogbo wa la ó máa gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ara wa láti wa ọkọ̀ lọ sílé ìwé láràárọ̀, òun náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá jẹ́ ká pẹ́ ni yóò gbálẹ̀ kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní ìpàdé, tíṣà tí ó dé ilé ìwé wa kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi kùn, nítorí n kò fẹ́ràn iṣẹ́ àárọ̀, ṣùgbọ́n òfin náà tù wá lára.

Ẹnì kan ṣoṣo la yọ sílẹ̀: Àrìnpé, tí ìjọba rán wá láti Ọ̀wọ̀ láti máa kọ́ kíláàsì kẹfà ní ìṣirò. Àlejò ni, a kì í sì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan àjẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A máa ń nu ibi tí yóò jókòó sí gbẹ, a ń bá a gbé àpò. Inú wa ń dùn pé a mọ àlejò í tọ́jú.

Lọ́dún kejì, ó sọ fún Hánà pé òun fẹ́ lọ béèrè tiransifáà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Igbókòdá. Ọkàn Hánà bàjẹ́, torí kò sí ẹlòmíràn láàárín wa tó lè kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò kí wọ́n fi yege ìdánwò.

"Kí la fi ṣẹ̀ yín, tíṣà?" ni ó bi í.

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, mà. Ẹ máa ń bá ara yín jiyàn, ẹ máa ń bá ara yín wí. Bí èmi bá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, 'ẹ ṣé' ni gbogbo yín ń wí, ó parí. Ó ti sú mi láti máa jẹ́ àlejò."

Ojú ti Hánà. Òun tó ṣòfin náà ló kọ́kọ́ rú u.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àjẹ̀ lé Àrìnpé lọ́wọ́. Ọkọ̀ wa pòòyì títí ó fi wọ inú òjúoró. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àwọn elépo kọjá, ìgbì rẹ̀ da omi sí wa lára. Hánà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí ní èdè Ìlàjẹ, bó ṣe ń bá àwa yòókù wí, pé ṣé Aráròmí létí òkun ló fẹ́ gbé wa lọ ni. Àrìnpé ń làágùn, ó ń wa ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí a dé, àwọn ọmọ ti kọrin òwúrọ̀ tán. Hánà na ìgbálẹ̀ sí Àrìnpé.

Àrìnpé gbá kíláàsì márùn-ún, ó wá kojú sí wa. Ó ní òfin yẹn kò dára tó, pé kò yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà jìyà bíi ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n.

"Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá," ni mo wí. A jiyàn náà títí agogo fi lù, kò sì sẹ́ni tó ní 'ẹ ṣé'.

Hánà gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó lọ gbá kíláàsì kẹfà fúnra rẹ̀ kí Àrìnpé lè wọlé kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.