Nerina àti Ẹni Tó Wá Wọn Búùtù Ọkọ̀

Wọ́n ní àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Nerina Zanasi ti ń bínú láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, Vainer, òun náà kò sì yé mú un bínú.

Ohun tí Nerina kórìíra kò níye. Ó kórìíra ará Milano. Ó kórìíra dókítà tó ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́. Ó kórìíra òpó tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé rẹ̀ ní Formigine, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣáàjì ọkọ̀. Èyí tó kórìíra jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọkọ̀ bátìrì fúnra rẹ̀. "Ó ń yọ́ rìn bí olè," ló máa ń wí. "Bí kò bá ní ẹ̀bi lọ́rùn, kí ló dé tí a kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀?" Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, kò sì sí ẹni tó ń dá a lóhùn mọ́.

Láàárọ̀ gbogbo Sátidé, yóò ṣí gáréèjì, yóò sì taná sí ọkọ̀ asáré kan tó ní àwọ̀ eérú, tó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn ní láti ká ara rẹ̀ sí méjì kó tó wọ inú rẹ̀. Kì í gbéra lójú ẹsẹ̀. Ní agbègbè yẹn, ẹni tó bá ki eré mọ́ ẹ́ńjìnì tí epo rẹ̀ kò tíì gbóná, bí ẹni tó na ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń wò ó. Nerina á fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó máa kùn, á padà sí ilé ìdáná, á gbé ìkòkò kọfí kaná. Bí kọfí bá hó, tó sì mu ún tán lórí ìdúró, epo ti gbóná nìyẹn. Nígbà náà ni yóò wọ ọkọ̀, tí yóò rọra gba ìgboro kọjá bí ẹni ru ẹyin, títí yóò fi dé ẹsẹ̀ òkè tó lọ sí Serramazzoni. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ yàgò fún un.

Kọ́nà mẹ́tàdínlógún ló wà lójú ọ̀nà òkè yẹn, ó sì mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Yóò fẹsẹ̀ tẹ epo, ẹ́ńjìnì á ké sókè. Yóò já jíà, igbe náà á wálẹ̀, á tún gbéra. Ìgbọ̀n rẹ̀ á gba inú àga wọ ìbàdí, òórùn epo á kún imú, Nerina á sì máa rẹ́rìn-ín ní òun nìkan. Ó mọ̀ pé ìgbà irú ọkọ̀ yìí ti ń tán lọ. Nítorí èéfín rẹ̀, wọn kò jẹ́ kó wọ ìgboro Modena mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ilé epo méjì lójú ọ̀nà sì ti kógbá sílé. Ohun tó kù fún un láyé ni Sátidé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ivonne, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdìkejì, á yọrí lójú fèrèsé.

"Nerina, ṣé kí n lè tètè kú lo ṣe ń fín wa bí eku láàárọ̀?"

"Ká ní èéfín ń pa irú yín ni, ǹ bá ti sin ẹ́ lọ́dún tó kọjá."

"Ẹnu ẹ àti salẹ́ńsà yẹn, ọ̀kan náà ni."

"Òun náà ló jẹ́ kó o ṣì máa gbọ́ nǹkan, adití."

Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí.

Learco, ọkọ Nerina, tó kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mẹkáníìkì ni, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé òun ló to ọkọ̀ náà láti inú àwókù. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọwọ́ Nerina ti wà lára ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí Learco tó mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ilé ìyọ́rin ni Nerina ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ni láti fi iyanrìn mọ ihò inú ẹ́ńjìnì. Wọ́n á po iyanrìn mọ́ epo, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí, wọ́n á yan án bíi búrẹ́dì, wọ́n á sì da irin yíyọ́ yí i ká. Bí irin bá tutù tán, wọ́n á fọ́ iyanrìn náà dànù, ibi tó wà á di ihò. Iṣẹ́ tí obìnrin fi odidi ọjọ́ ṣe, òfìfo ló ń dà.

Ọ̀gá wọn máa ń pariwo pé ẹni tí ojú ìka rẹ̀ bá hàn lára iyanrìn, ilé ló ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ó bú Nerina níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ọwọ́ rẹ̀ dà bíi pátákò màlúù. Nerina dúró títí ọ̀gá fi yíjú. Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ iyanrìn tó wà níwájú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, ó sì gbé e fún àwọn tó ń yan án. Nígbà tí irin tutù, ẹ́ńjìnì kan jáde pẹ̀lú àtàǹpàkò irin kan tó yọ gọngọ nínú ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá wá ẹni tó ṣe é títí, kò rí i. Wọ́n sọ ẹ́ńjìnì náà sáàárín èyí tí wọ́n fẹ́ tún yọ́. Learco, tó ń ra irin àlòkù kiri nígbà náà, rí i, ó rà á, ó sì dúró sẹ́nu géètì nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ń béèrè ta ló ni ìka. Bí ó ṣe fẹ́ Nerina nìyẹn. Ó gbà wọ́n ní ọdún mẹ́sàn-án kí ẹ́ńjìnì náà tó kọ́kọ́ dún, ọdún yẹn ni wọ́n sì bí Vainer.

Vainer yìí ló wá dàgbà tán, tó ń ṣe alábòójútó àwọn òpó tí wọ́n ti ń ṣáàjì ọkọ̀. Ẹ ò rí ayé? Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òfin fún un ní ìdajì ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ń jẹ tortellini, ìyẹ̀fun tí wọ́n pọ́n mọ́ ẹran, tí ìyá rẹ̀ sè, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Màmá, ẹ ti dàgbà. Ọjọ́ tí ẹ bá já bọ́ lórí òkè yẹn, èmi ni wọ́n máa pè."

"Orí bẹ́ẹ̀dì lo fẹ́ kí n kú sí, kó má bàa ni ẹ́ lára láti wá gbé mi?"

"Mo ti rí ẹni tó máa rà á. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ gan-an. Ẹ ṣáà jẹ́ kó wá wò ó."

"Bí mo bá sọ pé mi ò tà ńkọ́?"

"Ìdajì rẹ̀ tèmi ni, Màmá. Ẹ má jẹ́ ká bá ara wa dé kóòtù."

Nerina kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀ láìjẹ́ kó jẹun tán. Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ó sọ èyí fún un láti ilé ìdáná, ohùn rẹ̀ ròkè.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni oníbàárà dé. Tancredi ni orúkọ rẹ̀, ará Milano, ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tí bàtà rẹ̀ kò tíì mọ ẹrẹ̀ rí. Nerina kò gbọ́ ìgbà tó dé, nítorí ọkọ̀ bátìrì ló gbé e wá. Ó yíjú, ó sì bá a lẹ́yìn òun pẹ̀lú Vainer.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ọkọ̀ yìí mà rẹwà o."

Nerina dúró kó sọ pé kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹnikẹ́ni ní agbègbè yẹn yóò kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, kódà fáàdà ìjọ. Tancredi gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, ó ṣí búùtù, ó yọ téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí lo fẹ́ kó síbẹ̀?" Nerina bi í. "Pósí?"

"Bátìrì ni, Màmá. A máa yọ ẹ́ńjìnì kúrò, a óò fi mọ́tọ̀ iná síbẹ̀. Ara ọkọ̀ la fẹ́. Ẹ ò ní dá a mọ̀ mọ́ tá a bá ṣe é tán."

"Ẹ́ńjìnì ńkọ́?"

"Àwọn kan wà tí wọ́n ń bá wa yọ́ ọ."

Nerina wo Vainer. Vainer ń wo ilẹ̀, ó sì hàn pé ó ti mọ̀. Ìyá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Wọlé," ló wí fún Tancredi. "Ẹni tó fẹ́ pa ẹran, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó mu kọfí rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbéra, kò sì fi lọ àlejò. Títí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ òkè, ó rọra ń wà á, Tancredi sì rò pé ìyá àgbà ni òun bá jáde. Lẹ́yìn náà ni Nerina já jíà. Ní kọ́nà kejì, ọmọkùnrin náà di ilẹ̀kùn mú. Ní ẹ̀karùn-ún, ó ti pa ojú dé. Ní kọ́nà keje, níbi tí ọ̀nà ti gùn lójijì tí àfonífojì sì ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì, Nerina tẹ epo mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì náà fi gbogbo ọ̀fun ké, Tancredi sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọdé ni, èyí tí èèyàn kì í rò kó tó rín in. Nerina gbọ́ ọ. Fún ìṣẹ́jú kan, ó rò pé òun ti borí.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, Tancredi tún irun rẹ̀ ṣe nínú dígí. "Tó bá di ọjọ́ Ajé, mo lè rán àwọn tó máa wá gbé e."

"O rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀n?"

"Ní kọ́nà keje, o rẹ́rìn-ín. Má purọ́ fún mi."

"Mo rẹ́rìn-ín, Màmá. Ó dùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ ìgbà rẹ̀ ti lọ."

Èyí ni Nerina kò lè dárí rẹ̀ jì. Ká ní ọmọ yìí kò mọ adùn nǹkan náà ni, òmùgọ̀ ni ìbá kà á sí, kò sì ní bá òmùgọ̀ jà. Ó tọ́ ọ wò, ó gbà pé ó dùn, ó sì tún fẹ́ jù ú síná.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Nerina fi ro ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí ó bá kọ̀, kóòtù á tà á láìka ẹkún rẹ̀ sí, àtàǹpàkò rẹ̀ á sì padà sínú ìkòkò ìyọ́rin tí Learco ti yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá gbà, òkè ti tán nìyẹn, òun pẹ̀lú kọ́nà mẹ́tàdínlógún ti kí ara wọn pé ó dìgbóṣe. Lọ́jọ́ kẹrin, ó pe Vainer lórí fóònù.

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi ni n óò fọwọ́ ara mi yọ ẹ́ńjìnì."

Inú Tancredi dùn, nítorí ó ti bá a dín iṣẹ́ kù. Níwájú lọ́yà, Nerina ní kí wọ́n ka ìwé títà ọkọ̀ náà sókè: ara ọkọ̀, táyà, àga, gíláàsì àti iná. Kò sí ẹ́ńjìnì nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Vainer rò pé ìyá òun ti rọ̀. Ó mà kúkú gọ̀ o. Ogójì ọdún ó lé, kò tíì mọ ẹni tó bí i.

Nerina fi ṣéènì tí Learco fi sílẹ̀ yọ ẹ́ńjìnì náà. Ivonne sọ̀kalẹ̀ wá, ó ní òun fẹ́ wo bí irin yóò ṣe ya lulẹ̀ pa á. Nígbà tó rí i pé kò wó, ó bá a di tọ́ọ̀ṣì mú.

"Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí," ni Ivonne wí. "Kí lo fẹ́ fi ẹ́ńjìnì tí kò ní táyà ṣe?"

"Gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn sókè, kó o sì panu dé."

Ní Sátidé tí Tancredi wá gbé ẹrù rẹ̀, wọ́n fa ara ọkọ̀ jáde sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Ó fúyẹ́ bí agolo tí wọ́n ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí ohun tó wà láàárín àgbàlá. Ẹ́ńjìnì náà jókòó lórí ìtẹ́ irin, pẹ̀lú rèdíétọ̀ níwájú rẹ̀, àti jálá epo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Salẹ́ńsà rẹ̀ kọjú sí òpó tí wọ́n ti ń ṣáàjì ọkọ̀. Nerina taná sí i, ó wọlé, ó gbé ìkòkò kọfí kaná. Nígbà tó jáde, ó gbé àga ilé ìdáná kan lọ́wọ́ kan, ife lọ́wọ́ kejì. Ó jókòó, ó mu kọfí náà tán láìkánjú, ó gbé ife sílẹ̀, ó sì mú wáyà tó ń fún ẹ́ńjìnì lépo.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?" Vainer bi í.

"Mò ń lọ sí Serramazzoni."

Ó fa wáyà náà. Àwọn ajá àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, fèrèsé ń ṣí lókè, Vainer sì fọwọ́ di etí. Nerina pa ojú dé. Ó fà á, ó dẹ̀ ẹ́, ó tún fà á, ó fún kọ́nà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀: ìkíní tó rọ̀, ìkejì tó ká bí apá, ìkẹta, ìkẹrin. Tancredi ń di okùn mọ́ ara ọkọ̀ nígbà tí igbe náà dé kọ́nà keje, tó sì nà tàntàn bó ṣe nà lọ́jọ́ yẹn lórí àfonífojì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. Ó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là láìrò tẹ́lẹ̀.

Nerina ti la ojú, ó ti rí i. Ó dẹ wáyà títí ẹ́ńjìnì fi padà sí kíkùn.

"Má rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ìwọ ò sí nínú ọkọ̀."

Ó tún pa ojú rẹ̀ dé, ó sì fa wáyà náà. Kọ́nà mẹ́wàá ló kù.