Ọkọ̀ Tí Mo Fà Sínú Oòrùn

Tí ẹ bá ti gbóòórùn ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí rí, ní àárọ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ ò ní í gbàgbé. Ó máa ń rùn bí ìkòkò ẹja tí wọn ò fọ̀, síbẹ̀ èèyàn á tún fẹ́ fa símú. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo jí sí lọ́dún tí mo ń sọ yìí. Àsíá òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún méjì ní lékọ́ọ̀lù, ilé ìwé Faransé wa ní Pọ̀bẹ́ ni. Mo ti mọ ìwé débi pé mo lè ka orúkọ mi tí ẹlòmíì bá kọ ọ́. Tí èmi fúnra mi bá kọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè kà á.

Ilé wa wà nísàlẹ̀ Pọ̀bẹ́, níbi tí òkè ti parí tí àbàtà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ ibẹ̀ a sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Nígbà òjò, omi a bo gbogbo ẹ̀, ẹni tí ò bá ní ọkọ̀ a jókòó sílé. Ọkọ̀ tuntun ò sì níyì lọ́dọ̀ wa, ojú ọmọdé ni wọ́n fi ń wò ó. Ọkọ̀ gidi ni èyí tí baba baba ẹni gbẹ́ láti ara ìrókò kan ṣoṣo. Tiwa ń jẹ́ Àgbàòtán. Ó dàgbà ju gbogbo wa lọ, tí a bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́, a máa ń kí i.

Lọ́dọọdún, lọ́sẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń péjọ sétí àbàtà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun méjì lójú gbogbo èèyàn: iṣẹ́ kan tóun máa ṣe sára ọkọ̀ òun lọ́dún yẹn, àti ìgbádùn kan tóun máa fi ọkọ̀ náà jẹ. Ẹ má fi ìgbádùn yẹn ṣeré o. Ẹni tó bá tún ọkọ̀ ṣe tí ò fi jayé, wọ́n á ní kò ṣe nǹkan kan. Baba mi máa ń sọ pé, "Ohun tí èèyàn ní tí ò gbádùn, ẹrù ló rù." Ẹnì kan á ní òun á pààrọ̀ pákó ìjókòó, òun á sì gbé ìyàwó òun lọ wo òṣíbàtà níbi tó ti tanná. Òmíì á ní òun á fi ọ̀dà kun ìdí ọkọ̀, òun á sì sùn nínú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan láì pẹja kankan. Àmọ́ ẹni tó bá ṣèlérí lẹ́ẹ̀mẹta léra tí ò mú un ṣẹ, wọ́n á gba ọkọ̀ náà fún ẹlòmíì nínú ẹbí.

Baba mi ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ló wú. Lọ́dún kejì, ọ̀dà àti ìṣó tí ì bá rà ló di kakí tí mo wọ̀ lọ sí lékọ́ọ̀lù. Ẹni tí ọkọ̀ sì máa bọ́ sí lọ́wọ́ ni Bàbá Kòkú, ẹ̀gbọ́n baba mi, tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Kò fi bò rárá pé ọpọ́n oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ lòun máa fi Àgbàòtán ṣe. Ó tiẹ̀ ti wá fi okùn wọ̀n ọ́n.

Láàárọ̀ yẹn, baba mi dìde láàárín àwọn ọlọ́kọ̀. Ó ní, "Imú Àgbàòtán ti jẹrà. Màá tún un ṣe. Màá sì gbé ìyá mi sínú ẹ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lódìkejì omi."

 Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi ni Ìyá Àgbà àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò ti fojú kan ara wọn. Ọ̀nà ẹ̀ẹ̀rùn jìn, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ò sì gbé e mọ́.

Bàbá Kòkú ló fọhùn. "Àbúrò, má kánjú o. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi ní kí n kí ọ."

Inú omi ni Àgbàòtán wà lásìkò yẹn. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń rì í sínú kòtò ẹrẹ̀ kan lábẹ́ igi ògùrọ̀, tí wọ́n á kó òkúta lé e. Mi ò béèrè ìdí ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Èmi akọ̀wé, kí ni mo fẹ́ bi púrúǹtù? Mẹ́sì, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe olùkọ́ wa, ti kọ́ wa pé omi ló ń mú igi jẹrà. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn wo imú ọkọ̀, mo rí i pé látọjọ́ tí ìdílé wa ti ń bẹ, èmi lẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́n.

Baba mi lọ sí Ṣakẹ́tẹ́ lọ ra ọ̀dà àti ìṣó. Ó ní òun á bá wọn kọ ẹyìn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kóun tó padà. Bó ṣe lọ tán, mo kó ọmọ lékọ́ọ̀lù mẹ́fà jọ. A kó òkúta kúrò, a gbọ́n ẹrẹ̀, a fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, a yí i gòkè. Inú oòrùn gangan ni mo tẹ́ ẹ sí. Mo wá fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bíi kòmáǹdà.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ń jẹ àkàsà lẹ́yìnkùlé nígbà tí nǹkan kan dún bí ìbọn. Mo sáré débẹ̀. Ọkọ̀ ti là láti imú dé àárín. Mo ki ìka bọ ojú ibi tó là, ó wọlé tán pátápátá.

Nígbà tí baba mi dé, kò sọ agolo ọ̀dà kalẹ̀. Ó gbé e dání, ó ń wò.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Mẹ́sì ni."

"Mẹ́sì ní ọkọ̀?"

"Rárá, Bàbá."

Mo ti mú ara le de pàṣán. Kò nà mí. Ó ní, "Igi tó ti ń bá omi gbé látọjọ́ tó ti dọkọ̀, oòrùn ló máa pa á. Lọ pe àwọn akọ̀wé ẹ wá, ká dá a padà."

A dá a padà. A tún kó ẹrẹ̀ àti òkúta kún inú ẹ̀. Bàbá Kòkú gba ibẹ̀ kọjá, ó ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, ẹlẹ́dẹ̀ ò kúkú ń tukọ̀. Baba mi ń to òkúta ẹ̀ lọ. Èmi ló sọ fún pé kí n máa lọ fọwọ́ wò ó láràárọ̀ kí n tó lọ sí lékọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ kejì, ìka mi ṣì wọlé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọńdinrín nìkan ló wọ̀. Nígbà tó yá, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mò ń mú dání. Àárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá, èékánná mi ò ráyè wọ̀.  Igi tí wọ́n ti gé kí wọ́n tó bí baba mi, tí ò ní ewé, tí ò ní gbòǹgbò, ló jókòó sínú òkùnkùn ẹrẹ̀ tó ń mumi, tó sì pa ẹnu ara ẹ̀ dé. Ẹnikẹ́ni ò ràn án lọ́wọ́. Mi ò sọ fún Mẹ́sì. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Baba mi fi òwú àti ọ̀dà dí imú ọkọ̀, ó kan páànù lé e. Omi dé. Lọ́jọ́ tí a máa lọ, Bàbá Kòkú dúró sétí omi, okùn ẹ̀ lórí èjìká. Ìyá Àgbà wọ aṣọ tó ń rùn fún kánfọ̀. Ó fọwọ́ kan ọkọ̀, ó ní, "Àgbàòtán, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Wọ́n gbé igbá ìgbọ́nmi lé mi lọ́wọ́. Mi ò gbójú kúrò níbi tó ti là. Ẹ̀kán omi kan yọ níbẹ̀ bí òógùn, mo gbé igbá sókè. Òmíì ò tẹ̀ lé e.

A gba orí oko àgbàdo wa kọjá. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí ebè tí mo fọwọ́ ara mi kọ, tí ẹja ń gba àárín wọn lọ bí ẹni tó wá yọ oko wò. Òṣíbàtà funfun báláú lọ títí ojú ò fi ríran mọ́.  Ọ̀pá ìtukọ̀ baba mi nìkan là ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà ti wọ inú omi dé orúnkún kí a tó gúnlẹ̀. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú àbúrò ẹ̀ látòkè délẹ̀.

"O pẹ́."

"Ọkọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n kọ̀, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Baba mi ń tù wọ́n káàkiri àárín òṣíbàtà títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí a padà dé, Bàbá Kòkú ju okùn ẹ̀ sí baba mi pé kó fi so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. 

Mo ti dàgbà ju baba mi ọjọ́ náà lọ báyìí. Lékọ́ọ̀lù àti èmi ti tètè túra wa sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Mo máa ń rò pé mo gbọ́n ju ọmọ tó fa ọkọ̀ sínú oòrùn yẹn. Àmọ́ ohun kan ṣoṣo ni òun bà jẹ́, ó sì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ títí tó fi dí. Àwọn èèyàn tí mo ti là bí ọkọ̀ yẹn láti ìgbà náà, ìyàwó kan, ọ̀rẹ́ méjì, àbúrò mi tó wà ní Tákọ̀n, ọjọ́ kẹta ni mo sábà máa ń kúrò nídìí wọn, kí ojú ibi tó là tó dí.