Àwọn Ọmọ Mọnróvíà

Inú páálí mílíìkì ni Rájí gbé ológbò náà sí wá sí bárékè Ọ̀jọ́, nígbà tó gba ìsinmi láti ogun Làìbéríà. Ológbò òyìnbó ni, funfun báláú, irun rẹ̀ gùn débi pé ó ń gbálẹ̀, imú rẹ̀ sì pẹlẹbẹ bí ẹni tó sáré lu ògiri. Rájí ní inú ilé kan tí àwọn òyìnbó sá fi sílẹ̀ ni òun ti bá a, tó jókòó sórí àga, tó ń retí àwọn tó ni ín. Fáòsíátù ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Ọkọ ẹlòmíì ń gbé rédíò bọ̀ láti ogun," ó ní, "tèmi gbé ẹnu tó ń jẹun wálé." Ṣùgbọ́n òun náà ló sọ ọ́ ní Mọnróvíà, òun náà ló sì ń ya irun rẹ̀ láràárọ̀ kó tó ya ti Àdìjá, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Rájí bí.

Kí Rájí tó padà sójú ogun, ó gbé Mọnróvíà lọ sílé Dókítà Ògúnlànà, níbi tí àwọn ọ̀gá sójà ń gbé, nítorí pé ìyàwó dókítà ní akọ irú rẹ̀ gan-an. Àdéhùn wọn ni pé bó bá bímọ, ọ̀kan jẹ́ tiwọn. Inú ológbò ti ń tóbi nígbà tí sójà mẹ́ta kan ilẹ̀kùn Fáòsíátù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí wọ́n ṣí fìlà. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Rájí ò ní padà wá mọ́. Ilẹ̀ Làìbéríà ni wọ́n sin ín sí.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn ní kí opó fi jókòó sílé. Inú yàrá kan yẹn ni Fáòsíátù jókòó sí, òun, ọmọ, àti ológbò olóyún. Bí kì í bá ṣe pé Àdìjá gbọ́dọ̀ jẹun, kì bá tí dáná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mọnróvíà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń jáde, ó ń wojú rẹ̀. Fáòsíátù tẹ́ bùbá àtijọ́ kan sínú páálí fún un. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọmọ mẹ́ta ti balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kò mí. Ó fi aṣọ nù ún, ó ń fi àtàǹpàkò ra á lẹ́yìn, ó ń bá a sọ̀rọ̀, títí ó fi ké fín-ín. Ìgbà yẹn ló tó sunkún ọkọ rẹ̀ dáadáa.

Àwọn aládùúgbò ní ọ̀rọ̀ í sọ, ẹnu wọn kì í kúkú dilẹ̀. Opó àti ológbò nínú yàrá kan: wọ́n ti pè é lájẹ̀ẹ́ kó tó gbọ́. Àjẹ́ wo ló ń fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú ọmọ ológbò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí pé imú pẹlẹbẹ yẹn kì í jẹ́ kí omi ojú wọn gbẹ?

Bí ojú wọn ṣe là, Mọnróvíà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kó wọn kiri yàrá, bí ológbò ṣe máa ń ṣe. Ibi tó kó wọn sí gbẹ̀yìn ni inú àpótí Rájí, lórí aṣọ sójà rẹ̀ gan-an. Fáòsíátù nawọ́ láti lé e, kò lè lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mu ọmú, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìjà. Fáòsíátù kọ́ wọn láti máa yàgbẹ́ sínú yanrìn, ó ń lọ ẹja fún wọn kí wọ́n lè já lẹ́nu ọmú díẹ̀díẹ̀. Àdìjá, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń sọ wọ́n lórúkọ, ojoojúmọ́ ló sì ń pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ ológbò náà tó yọ̀ǹda fún ẹlòmíì, opó ò lè jáde lọ wo ilé ẹnikẹ́ni, ló bá sọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ di kóòtù fún àwọn tó wá gbà wọ́n. Ta ni yóò wà nílé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án? Ibo ni yóò máa sùn? Bó bá ń ké nítorí pé kò rí ìyá rẹ̀, kí lẹ máa ṣe? Màdáàmù kan tó gbé mọ́tò ńlá wá padà lọ́wọ́ òfo, nítorí ó ní òun yóò máa tì í mọ́lé títí òun á fi ti ọjà dé. Ìyàwó dókítà mú tiwọn. Christiana, tíṣà Àdìjá, ní orí ẹsẹ̀ òun ni ọmọ náà yóò máa sùn, ó sì gbà á. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́jọ́ ìbí bọ́ sọ́wọ́ Alájì Sàká tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Alábà, tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń wà nílé látàárọ̀ dalẹ́. Fáòsíátù gé bùbá tí Mọnróvíà bímọ sí, ó fún olúkúlùkù ní ègé kan.

"Ẹ tẹ́ ẹ fún un, òórùn ìyá ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ títí ara ẹ̀ á fi mọlé."

Nílé Alájì, ẹnì kan ní aṣọ náà dọ̀tí, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ọmọ ológbò náà kò jẹ, kò mu, àfi ìgbà tí Fáòsíátù fi ègé mìíràn ránṣẹ́.

Mọnróvíà wá àwọn ọmọ rẹ̀ títí. Yóò wọ inú àpótí, yóò ké, yóò wá wojú Fáòsíátù. "Ibi tó dáa ni wọ́n wà," ni Fáòsíátù máa ń sọ fún un. "Mo bèèrè dáadáa."

Nígbà tó jáde opó, bárékè fẹ́ gba yàrá wọn fún sójà mìíràn. Ó rí yàrá kékeré kan sí Igbó-Elérin, ó ń ro bí òun yóò ṣe máa din ẹja tà ní Iyana-Iba. Kò tíì di ẹrù tán tí Kàmọ́rù, ẹ̀gbọ́n Rájí, fi ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbé ìrẹsì wá, ó sunkún àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá.

"Ìyá Àdìjá, ọmọ yìí ò lè máa bá ẹ jìyà nínú yàrá kan. Ọmọ ilé wa ni. Mo fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ìyàwó mi, ìyálé ẹ. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń wò ó."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa wà nílé pẹ̀lú ẹ̀ lọ́sàn-án?"

"Èèyàn pọ̀ nílé wa."

"Ibo lá máa sùn?"

Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín. "Ọmọ èèyàn lò ń bèèrè yìí o, kì í ṣe ológbò."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Tó bá wá ń sunkún mi ńkọ́?"

"Ọmọ tó bá ń sunkún, tó bá yá, á dákẹ́," ó ní, ohùn pẹ̀lẹ́ ló sì fi sọ ọ́.

Ká ní ẹni tó wá gba ọmọ ológbò ló fèsì bẹ́ẹ̀, ìta ni ì bá bá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé ọkọ ti fẹnu kò, bàbá Fáòsíátù ti kú, ta ni yóò gbẹnu sọ fún un? Ó ya ìró tí òun àti Àdìjá jọ fi ń bora sí méjì, ó ká ìdajì sínú báàgì ọmọ. Ó ní kí Kàmọ́rù jọ̀ọ́ bá òun sọ fún Ìyálé kí wọ́n má fọ̀ ọ́ ná. Kàmọ́rù ní òun gbọ́.

Ní Igbó-Elérin, Mọnróvíà nìkan ló kù tí yóò máa ya irun fún. Láràárọ̀ ni Fáòsíátù ń pe Àdìjá kó dìde, kó tó rántí. Ológbò yóò wá jókòó, yóò máa wojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ fún Fáòsíátù náà pé ibi tó dáa ni ọmọ rẹ̀ wà.

Ẹ̀yìn Iléyá ló tó rọ́nà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìdajì ìró rẹ̀ lórí okùn, ó mọ́ tónítóní, wọ́n ti fi búlúù sí i. Kùdírátù, ìyàwó Kàmọ́rù, obìnrin onímọ̀ọ́tótó, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni òun ń fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má fọ̀ ọ́. Àdìjá jáde wá, ó sanra, wọ́n di irun rẹ̀ dáadáa. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa kí àlejò, ó sì lọ dúró sẹ́yìn Kùdírátù.

Ọ̀rọ̀ náà dun Fáòsíátù dé egungun, kò sì sunkún níbẹ̀. Ó tú ìró tó ró lékè, èyí tó ti ń fi sùn láti ọjọ́ mélòó kan, tó ní òórùn ẹja díndín díẹ̀ lára. Ó ká a, ó kúnlẹ̀, ó fi lé ìyálé rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyálé mi," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ eléyìí."