Anẹ́mónì Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Kú Mọ́ Mi Lọ́wọ́ ní Ararọ̀mí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó, kí n ròyìn ohun tí ẹranko kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fi ojú mi rí!

Ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí ní Ararọ̀mí, létí òkun. Ẹ sì mọ̀ pé mo ní àpótí gíláàsì kan nínú pálọ̀ tí mo fi ń sin ẹja òkun: ọgọ́rùn-ún lítà omi, ẹja mẹ́fà, akàn kan, àti pọ́ǹpù tí sólà ń gbé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fóònù mi àti àṣìṣe mi ni olùkọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Tósìn, onílé mi tó jẹ́ apẹja, àti àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ fa àwọ̀n dé. Ohun kan lẹ̀ mọ́ òkúta nínú rẹ̀: ó rọ̀, ó pọ́n bí epo, àwọn ọwọ́ tín-ín-rín yí ẹnu rẹ̀ ká bí òdòdó. Ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní anẹ́mónì ni! Mo pariwo pé kí wọ́n dúró. Ta ló dúró? Ìdọ̀tí àwọ̀n ni lójú apẹja. Wọ́n ti ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n fà á ya. Ìdajì ẹsẹ̀ tó fi ń di òkúta mú ló kù sórí òkúta.

Mo gbé e sínú àpótí. Anẹ́mónì tí ara rẹ̀ dá máa ń wá ibi tó wù ú, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Tèmi ń yí gbirigbiri bí ọ̀mùtí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà. Tó bá kú síbẹ̀ tó jẹrà, májèlé rẹ̀ lè pa gbogbo ẹja mi kí n tó ti ilé-ìwé dé.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọlé, mo gbọ́ tí pọ́ǹpù ń kùn lọ́nà òdì. Ó ti fa anẹ́mónì mu! Ó ti gé àwọn ọwọ́ rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ń léfòó kiri bí ìrẹsì. Mo fa wáyà yọ. Kí n tó ki ọwọ́ bọ omi, akàn ti dé. Ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó ń fi èkejì fà á ya, ó ń jẹ ẹ́ láàyè! Mo gbá akàn náà mú. Òun náà gbá àtàǹpàkò mi mú. Mo ń ju ọwọ́, kò já. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo là á mọ́ ògiri kó tó fọ́.

Ìyá Tósìn, ìyàwó onílé, sáré wọlé tòun ti ọmọ odó.

"Tíṣà, ta ló ń pa ọ́?"

"Akàn ni, mà."

Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. "Àwa ń jẹ akàn, ìwọ ni akàn ń jẹ!"

Mo fi fóòmù bo ẹnu pọ́ǹpù, mo gbé anẹ́mónì sórí òkúta, mo da asẹ́ oníke bò ó. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò lẹ̀. Ó ń súnkì ni. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìyá Tósìn ló tú àṣírí mi. Ó ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù. Ó bi mí pé níbo ni mo ti pọn ọ́n. Mo ní etí òkun níwájú ilé, níbi tí mo ti ń pọn ọ́n láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Òkun wo? Nínú òjò báyìí? Omi odò ló kún etíkun yẹn. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ lo gbé ẹ̀dá Ọlọ́run sí!"

Ojú tì mí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo fi ẹ̀rọ wọn iyọ̀ omi náà, ó jẹ́ 1.025, bí ti òkun gan-an. Láti ìgbà náà, n kò wọ̀n ọ́n mọ́. Mo sáré mú ẹ̀rọ: 1.018!

Nígbà tó di Sátidé, mo bẹ Bàbá Tósìn. A kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà sínú ọkọ̀, a kọrí sí agbami, níbi tí omi odò kò dé. Ìgbì kò mọ tíṣà! Èkíní gbé wa sókè, ó là wá mọ́lẹ̀. Èkejì fi ẹnu mi gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ètè mi là, eyín kan mì.

"Nítorí ìdọ̀tí àwọ̀n!" Bàbá Tósìn ń gbọ́n omi, ó ń bú mi. "Bí mo bá kú, ìwọ lo máa lọ sọ fún ìyàwó mi!"

Mo fi ẹnu ẹlẹ́jẹ̀ bẹ̀ ẹ́. A pọn omi wa, a padà.

N kò dà á lẹ́ẹ̀kan náà o! Iyọ̀ tó bá yí padà lójijì ń pa wọ́n. Mo ń bu lítà mẹ́wàá kúrò lóòjọ́, mo sì ń fi páìpù rọ́bà tín-ín-rín kán mẹ́wàá tuntun sí i. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó dé 1.024. Mo ṣí asẹ́. Ó ti lẹ̀ mọ́ òkúta típẹ́típẹ́!

Mo na ìka sí i láti mọ̀ bóyá agbára ti dé. Ló bá fà mí mú! Ó ta mí bí èsìsì, ọwọ́ ọ̀tún mi wú bí àkàrà. Mo ń jó yí pálọ̀ ká, mo ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí i, èyí tó ń kú lọ kì í lágbára láti ta ẹnikẹ́ni.

Ìyá Tósìn dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ta ọ́, ò ń rẹ́rìn-ín? Tíṣà, ṣé orí rẹ pé?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ohun tí ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀rùn, ẹ tún un wọ̀n lójò. Ẹ sì bi ẹni tí wọ́n bí sí etí omi kí ẹ tó bi fóònù yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti tọ́jú rí tó jẹ́ pé ọgbẹ́ ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ̀ ẹ́!