Éríà Tó Ń Dìde Tí Mo Bá Tẹ Bíréèkì

Iṣẹ́ tí mo gbé fún rẹwáyà kan, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, kò le. Éríà rédíò ọkọ̀ mi ló kọ̀ tí kò dìde mọ́, irú èyí tí ẹ̀rọ kékeré kan máa ń tì sókè tí èèyàn bá tan rédíò, tí yóò sì tún fà á wọlé tí èèyàn bá pa á. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni éríà náà wà, lápá ọ̀tún. Inú búùtù ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Fisíìsì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kan ní Ìsẹ́yìn, nítorí náà mo ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e lọ. Mo sọ fún rẹwáyà pé ẹ̀rọ yẹn kò kú, pé wáyà tó ti ara rédíò wá ló já lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó ṣí kápẹ́ẹ̀tì, kó wá ibi tó ti já, kó so ó. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti pe ìrun, rẹwáyà ti ṣe àlùwàlá, ó ti wọ jalámíà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọnú ọkọ̀, ó tẹ nǹkan kan, éríà yọ sókè, ó ń kùn bí oyin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ni mo ti rí ohun tó ṣe. Wáyà rédíò jìnnà, ìrun sì ti dé. Wáyà iná bíréèkì ló wà nítòsí nínú búùtù, ló bá so éríà mọ́ ọn. Dáírẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó bá ti rí iná jẹ níbikíbi, iṣẹ́ parí lójú tiwọn. Láti ìgbà náà, tí mo bá tan rédíò, éríà ò mira. Tí mo bá tẹ bíréèkì, ó dìde dé òkè pátápátá. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀, ó rá wọlé. Ìròyìn wá di ohun tí mò ń gbọ́ dáadáa níbi kòtò nìkan.

Mo padà lọ ní Sátidé. Wọ́n ní ó ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìlọrin. Mo lè fi ọ̀bẹ gé wáyà náà, ṣùgbọ́n ó ti fi táàpù dúdú di gbogbo wọn pọ̀ di kókó kan, iná bíréèkì lè bá a lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bà á jẹ́ ni mo fẹ́ kó tún un ṣe, lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ní kí n gbé òun lọ sí Ìjìó, pé àbúrò òun obìnrin ń ṣàìsàn. Ẹ̀rù ọ̀nà yẹn ti ń bà mí kí a tó gbéra. Àárín àwọn ọdún 1980 ni, àwọn ológun ló ń ṣèjọba, wọ́n sì ti ti bodè pa. Láti Ìgànná lọ, ṣọ́jà wà lọ́nà, wọ́n ń wá àwọn fàyàwọ́. Ohun tí à ń gbọ́ ni pé àwọn fàyàwọ́ máa ń rán ọkọ̀ kékeré kan tí kò kó ẹrù ṣáájú, pé awakọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe àmì fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí ṣọ́jà bá wà níwájú. Wọ́n ní ṣọ́jà ti yìnbọn lu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó sọ ọ́ fún mi ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní Ìlua, mo dẹ eré kí àwọn bàbá kan tó jókòó lábẹ́ igi igbá. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í da eruku bo àgbàlagbà kó máa lọ láìdẹsẹ̀ kí wọn. Bí mo ṣe tẹ bíréèkì, éríà dìde. Bàbá onírùngbọ̀n funfun kan nawọ́ sí i, ó sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ wo ọkọ̀ bó ṣe ń kí wa. Ó gbẹ̀kọ́ ju àwọn ọmọ wa lọ." Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ibẹ̀, gbogbo àgbà tí a bá rí lójú ọ̀nà ló ń ní kí n dúró kí.

Lẹ́yìn Ìgànná, ẹ̀rín tán. Ọyẹ́ ti mú kí gbogbo nǹkan pọ́n rúsúrúsú, koríko gbígbẹ ga ju ọkọ̀ lọ lọ́tùn-ún lósì, a ò pàdé ẹnikẹ́ni. A sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo sì rí dúrọ́ọ̀mù méjì lójú ọ̀nà nísàlẹ̀, ṣọ́jà méjì dúró níwájú wọn. Mo yọ jíà, mo tẹ bíréèkì. Mo gbọ́ ìkùn éríà lẹ́yìn mi kí n tó rántí.

Ṣọ́jà tó ga nínú wọn gbé ìbọn sókè. Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi sọ, Hausa ló ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ. Ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n sọ ẹni tí mò ń ṣe àmì fún. Mo ní kò sẹ́nì kankan, pé éríà rédíò ni. Ó yọjú wo rédíò mi, ó rí i pé pípa ló wà. Ó wo òkè tí a ti sọ̀ wá. Eruku ń sọ níbẹ̀. Màlúù àwọn Fúlàní ni, a rí wọn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n nígbà yẹn eruku lásán ni, kò sì sí ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀.

"Sọ irin yẹn kalẹ̀," ó ní. "Tó bá tún lọ sókè, màá yìnbọn."

Ẹsẹ̀ mi ló gbé irin náà dúró. Iná bíréèkì kì í dúró de ẹ́ńjìnnì, ara bátìrì tààrà ló ti ń jẹ. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀, éríà á wọlé, ọkọ̀ á sì yí lọ bá àwọn ṣọ́jà náà. Wọ́n á ní mo fẹ́ sá. Bíréèkì ọwọ́ kò ṣiṣẹ́: mẹkáníìkì mìíràn ló ní òun ń retí okùn rẹ̀ láti Ìbàdàn, mo ṣì ń retí òun náà. Ọwọ́ mi wà lókè, mi ò lè kan jíà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé náà gùn, kò sì yé e. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bó ṣe ń gbọ̀n ni éríà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, tó tún ń lọ sókè, bí ẹni tó ń ṣe àmì lóòótọ́. Mo gbọ́ káá nígbà tó kẹ́ ìbọn rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ìyá mi pè mí, ohùn rẹ̀ kò le, "kí ló dé tí o ò sọ ọ́ kalẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, Ìyá. Tí mo bá gbé e, ọkọ̀ á yí lù wọ́n."

Ó ṣílẹ̀kùn. Mo ní kó má sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀. Ṣọ́jà kejì kọjú ìbọn sí i. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Hausa. Ó ti ta èlùbọ́ fún àwọn Hausa lọ́jà Ṣakí fún ọ̀pọ̀ ọdún, Hausa tó gbọ́ kò ju ti ẹrù lọ: gbé e, sọ ọ́, dì í mú. Ó tó. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun ló di ọkọ̀ mú, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi òkúta sí i. Ó tún ìró rẹ̀ ró níwájú ìbọn méjèèjì, ó ṣa òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó tì wọ́n sábẹ́ táyà iwájú, ó sì fi ẹsẹ̀ gún wọn wọlé.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ."

N kò fẹ́ gbé e. Ó tún un sọ. Mo gbé e. Ọkọ̀ yí, òkúta ké, ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn wa, éríà rá wọlé pátápátá.

Ṣọ́jà tó ga yẹn wo búùtù, ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Èmi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òun máa yìnbọn lù. Mo tẹ̀ ẹ́, éríà dìde, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Títẹ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ títí àwọn méjèèjì fi rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ìbọn ò sì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ pé kí n má bínú. Mo kà á sí wọn lọ́rùn.

Ní Ìjìó, a bá àbúrò ìyá mi níjòókòó, ara ti ń yá a. Mo gba ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́, mo gé kókó táàpù náà. Iná bíréèkì bá a lọ, bí mo ṣe wí. Nígbà tí mo wá rí rẹwáyà lẹ́yìn tí a délé, tí mo ro ẹjọ́ yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. "Ṣùgbọ́n, tíṣà," ó ní, "ṣé ó dìde àbí kò dìde?"

Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, lọ́jọ́ tí à ń padà bọ̀ láti Ìjìó, àwọn bàbá yẹn ṣì wà lábẹ́ igi igbá ní Ìlua. Mo tẹ bíréèkì. Onírùngbọ̀n funfun ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń retí. Nǹkan kan ò dìde.

"Ọkọ̀ yín ò kí wa lónìí," ó ní. "Ṣé ó ń bínú ni?"

Ẹsẹ̀ mi tún ti ń gbọ̀n lórí bíréèkì. Ìyá mi rí i. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi.

"Ẹ̀rù ló bà á, Bàbá," ó ní. "Ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀."