Okùn Tí Mo Gé Létí Dáàmù

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kẹ́nikẹ́ni má bàa máa fi ojú èèyàn gidi wò mí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Àwa méjèèjì la jọ máa ń dúró létí dáàmù l'Ẹ́dẹ, tí à ń ju ìwọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ wa, fàájì lásán ni. Èmi máa ń gé sílípáàsì tó ti já, màá so ó mọ́ okùn kó máa léfòó. Òun ò rí tèmi rò, ẹja rọ́bà ló fẹ́ràn, èyí tí wọ́n fi òjé ṣe orí rẹ̀, tí ìrù rẹ̀ ń jó nínú omi. Bó bá há sábẹ́ omi, kò ní já okùn. Á wọnú omi lọ tú u. Mo máa ń bú u pé, "Ahun ni ẹ́! Torí rọ́bà?" Á kàn máa rẹ́rìn-ín ni.

Lọ́jọ́ kan tí mi ò bá a lọ, bàtà rẹ̀ àti ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá létí omi. Àwọn apẹja fi ọkọ̀ wá a títí, wọn ò rí i. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá kìlọ̀ fún gbogbo agboolé: níwọ̀n ìgbà tí wọn ò tíì rí òkú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ "Ìná lílláhì," ìyàwó rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ṣe tákàbá, ìyẹn opó àwa Mùsùlùmí tí obìnrin kì í lo yẹtí. Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ńṣe ló sá lọ síbòmíràn.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo padà síbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mo ń lọ wá a ni. Irọ́ ni, ọwọ́ ló ń yún mi. Lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, mo ju ọ̀kan nínú ẹja rọ́bà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi sómi, ó há mọ́ nǹkan. Mo fà á. Ó ń bọ̀, ó wúwo, kò jà rárá. Aṣọ búlúù kan yọ lójú omi. Apá wà nínú rẹ̀.

Mo mọ aṣọ náà. Yéè! Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé okùn, mo sì fẹsẹ̀ fẹ. Kí n tó kó ọkàn jọ padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ńlá ti rọ̀, omi ti kún, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò rí i títí dòní.

Látìgbà náà, bí mo bá fa ohun tó wúwo, ì báà ṣe okùn ewúrẹ́, màá yára jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, apá yẹn ni mo máa ń rí nínú omi. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ń ta gàrí ní Sẹ́kọ̀nà. Bó bá ti rí mi, ohun kan náà ló ń béèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì gbúròó ẹ̀?" Ó ṣì ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Odidi oṣù mẹ́jọ!

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo lọ bá a nídìí gàrí, mo jókòó, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ láìfi bò. Mo rò pé á pariwo, pé á fa aṣọ ya mọ́ mi lọ́rùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ yẹtí ọ̀tún, ó bọ́ tòsì, ó dì wọ́n sétí ìró. Oníbàárà kan dé, ó wọn gàrí fún un, ó fi èènì sí i. Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí mi.

"Ẹ ti dì í mú, ẹ̀gbọ́n. Kí ló ṣe yín tẹ́ ẹ fi jù ú sílẹ̀?"